Ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá, Ọ̀nà Ìlọrin

Àkànní, ọmọ Òwu, ọmọ Aṣunkúngbadé. Àkànní a-fọwọ́-mọ-ìṣó, a-gbọ́-ìró-kọ́kọ́rọ́-mọ-ilẹ̀kùn-tó-ni-ín. Onírin Òkè-Ìlewò tí ọwọ́ rẹ̀ ń rùn bí irin, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í rùn. Ọmọ ìyá ẹlẹ́gùúsí, ọmọ a-jí-rìn-lọ-Ọ̀dẹ̀dá-kí-ìrì-tó-gbẹ. Ọkọ Àbẹ̀kẹ́. Bàbá tó ń fi ẹ̀yin bá ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àkànní, sùn re.

Èmi ni Àbẹ̀kẹ́ yẹn. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ìwé kẹrin ni mo dé tí bàbá mi fi ní kí n wá máa dúró ti ìyá mi lọ́jà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá ti rí, tí mo bá ti gbọ́, kì í kúrò lórí mi. Orúkọ gbogbo ẹni tó ti gba ojú ọ̀nà ilé wa kọjá ní Òwu, mo mọ̀ ọ́n, mo sì mọ orúkọ ìyá tó bí wọn. N kò ní kọ ọ̀kankan síbí. Àwọn tó wà láyé kò fún mi láṣẹ, àwọn tó ti lọ kò sì sí níbi tí mo ti lè bi wọ́n. Oríkì ọkọ mi nìkan ni mo kọ, torí òun ni mo fi ń jí i láràárọ̀.

Láti ìgbà tó ti lọ, ọ̀sán àti oorun ti dàpọ̀ mọ́ra wọn lójú mi. Mo lè jókòó sí ẹ̀yìnkùlé kí n máa ṣa ìrẹsì, kí n wá rí i pé ọwọ́ mi ti dúró, pé Òkè-Ìlewò ni mo wà, nínú ìsọ̀ rẹ̀, tí oòrùn ń gba àárín àwọn àgádágodo tó so rọ̀ kọjá, tí atẹ́gùn ń mì wọ́n, tí ìmọ́lẹ̀ wọn sì ń ṣeré lára ògiri bí ẹja wẹ́wẹ́. Ọkọ mi á wà lórí àga rẹ̀. Ọmọ ọmọ wa á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni mo fẹ́ sọ, àti ọ̀rọ̀ ilé-ìwé méjì tó fẹ́ pín wa sí méjì.

Ọdún tí ìyá ọkọ mi kú ni wọ́n bí i. A kò tíì ká ẹní àwọn tó wá kí wa kúrò nílẹ̀ tán tí ìyàwó ọmọ wa ọkùnrin fi bí obìnrin. Nílẹ̀ wa, a kì í bi ara wa léèrè orúkọ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa jẹ́. Àfáà sọ ọ́ ní orúkọ inú Kùránì, àwa náà sọ ọ́ ní èyí tó ń sọ pé ìyá ti padà dé. Ọkọ mi gbé e sọ́wọ́, ó wò ó títí, ó ní, “Ìyá mi, ẹ mà tètè dé o.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Bàbá àti ìyá ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, nítorí náà nígbà tó já lẹ́nu ọmú, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n gbé e sí. Láti ìgbà yẹn, ọkọ mi kò pè é ní “ìwọ” rí. “Ìyá mi, ẹ wá jẹun.” “Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìṣó sẹ́nu.” Oníbàárà kan, káfíńtà, gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó ya ẹnu.

“Alájì, ta lẹ ń pè ní ìyá? Ọmọ tí ikun wà nímú rẹ̀ yìí?”

“Ìyá mi ni. Kí o kí i dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ò ní ra ìṣó níbí lónìí.”

Káfíńtà náà gbé ayùn rẹ̀ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ìsọ̀. Ọmọ náà kò dààmú. Ó na ọwọ́ kékeré rẹ̀, ó gbé e lé ọkùnrin náà lórí, ó ní, “Wàá dàgbà.” Títí di òní, bí mo bá pàdé káfíńtà yẹn, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, “Màmá, ìyá yín àgbà tó ní kí n dàgbà ńkọ́?”

Èmi náà ń bá wọn ṣe é. Ìyàwó ilé ni mí. Ìyá ọkọ ni ìyá ọkọ, ì báà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rá. Bó bá ṣe àṣìṣe tó tọ́ sí ìyà, màá kọ́kọ́ kúnlẹ̀. “Ẹ forí jì mí, ìyá ọkọ mi, mo fẹ́ nà yín.” Ẹ̀rín á ti pa á kí n tó gbé ọwọ́ sókè, bẹ́ẹ̀ ni ìyà á ṣe bọ́ mọ́ ọn lórí.

Ó ti wà nílé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú ọkọ mi. Dókítà ṣe ohun tó lè ṣe. Ojú náà mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó tún ṣú padà. Ọkọ mi ní ńṣe ló dà bí ẹni pé ọyẹ́ ń fẹ́ láti inú òun, pé òun ń rí àwọn èèyàn bí ẹni tó ń bọ̀ látòkèèrè, wọn kò sì dé. Kò torí ìyẹn jókòó sílé. Ó ń fi ọwọ́ mọ ìṣó páànù yàtọ̀ sí ìṣó pákó. Ó ń mi àgádágodo létí, ó ń mọ èyí tí inú rẹ̀ ti dípẹtà. Bí ọmọ náà bá ti ilé-ìwé dé, á sọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ sórí àpótí, á jókòó tì í, á máa sọ ohun tó ń rí fún un.

“Bàbá, ọkùnrin kan ń bọ̀. Ó mú ọmọ dání.”

“Báwo ló ṣe ń rìn?”

“Bí ẹni tó ń wá nǹkan tí kò mọ orúkọ rẹ̀.”

“Ilẹ̀kùn rẹ̀ ló bà jẹ́ lónìí yìí nìyẹn. Ẹ bá mi fa àwọn kọ́kọ́rọ́ síwájú, Ìyá mi.”

Ibẹ̀ ni òwò ti wọ̀ ọ́ lára. Lọ́jọ́ kan tí a ti òde ìsìnkú dé, a bá a tó ti tú gbogbo ìsọ̀ palẹ̀. Ó gbé ẹ̀wọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ àgádágodo, ó gbé ọ̀dà sí ẹ̀gbẹ́ búrọ́ọ̀ṣì, ohun gbogbo tí ọkọ mi ti fi ọwọ́ mọ àyè rẹ̀ ti ṣí kúrò. Mo fẹ́ pariwo. Ọkọ mi dúró láàárín ìsọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó wọ inú odò, ó ń fi ìka wá nǹkan kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín sì ń yọ díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìyá mi máa ń ṣe igbá ẹ̀gúsí rẹ̀,” ló wí. Nígbà tí ọmọ náà sọ pé òun fẹ́ kọ́ ìmọ̀ okòwò ní yunifásítì, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Lásìkò ọyẹ́ tó tẹ̀lé ìdánwò rẹ̀ ni ilé-ìwé méjì gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan wà ní Ìlọrin, ilé-ìwé ńlá tó ti pẹ́, tí wọ́n ti ń rán àwọn ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò ńláńlá kí wọ́n tó jáde. Èkejì wà nítòsí wa, lójú ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá. Tuntun ni, ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ kò tíì gbẹ. Bó bá lọ síbẹ̀, á máa ti ilé wa lọ, á sì ti padà dé ìsọ̀ kí wọ́n tó pe ìrun màgàríbì. Orí fóònù ni wọ́n ti ń dá àwọn ilé-ìwé náà lóhùn. Ọ̀kan ni kó gbà, kó kọ èkejì, kí ọ̀sẹ̀ náà tó tán. Bó bá dákẹ́, wọ́n á gbé àyè náà fún ọmọ ẹlòmíràn.

Mo bi ọmọ náà. Ó ní, “Ohun tí Bàbá bá sọ ni.”

Mo bi ọkọ mi. Ó ní, “Ta ni mí tí màá máa júwe ọ̀nà fún ìyá mi?”

Ẹni tó bá wo ilé wa lọ́sẹ̀ yẹn á rò pé à ń ṣeré ni. Ọmọ ń dúró de àgbà, àgbà ń dúró de ìyá rẹ̀, ọmọ yẹn náà sì ni ìyá. Ẹ̀rù wá ń bà mí pé láàárín ọ̀wọ̀ àti ọ̀wọ̀, ọmọ náà máa pàdánù méjèèjì.

Màmá Tíṣà ló kọ́kọ́ bínú. Aládùúgbò wa ni, ará ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Òun ló kọ́ ọmọ náà ní ìṣirò. Ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀pà sísun nínú bébà, ó ń ṣẹ́ ẹ bí ẹni tó ń jà.

“Ẹ̀yin méjèèjì, kí lẹ̀ ń dúró dè? Ìlọrin ni! Ṣé ojú ọ̀nà oko ni wọ́n ti ń kọ́ bísínẹ́ẹ̀sì?”

“Tíṣà,” ni ọkọ mi wí jẹ́ẹ́jẹ́, “ojú ọ̀nà oko yẹn ni ìyá mi ti ta ẹ̀gúsí tó fi kọ́ ilé tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri rẹ̀ yìí.”

Màmá Tíṣà wẹ̀yìn wo ògiri. “Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀gúsí,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ẹ bá ọmọ sọ̀rọ̀.”

“N kò lè rán ìyá mi níṣẹ́.”

“Ẹ̀yin ará Òwu yìí! Orí kunkun ni wọ́n fi ń wẹ̀ yín ni?”

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọkọ mi ní kí a kí ìrun ìsìtíkáárà, ìrun tí àwa Mùsùlùmí fi ń bi Ọlọ́run léèrè bí ọ̀nà bá di méjì, kí a sì fetí sí ohun tí oorun bá mú wá. Gbogbo wa la kí i. Màmá Tíṣà ní òun náà máa gbàdúrà bí àwọn ṣe ń gbà á.

Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ni mo sùn lọ díẹ̀. Mo lálàá pé omi ti kún ìsọ̀, omi tó mọ́ gaara, tí kò mú ẹ̀rù wá. Àwọn àgádágodo ń wẹ̀ kiri nínú rẹ̀, ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa dé. Ọkọ mi jókòó sórí àga rẹ̀ lábẹ́ omi náà, ojú rẹ̀ mọ́ kedere bí ti ìgbà tó ń wá mi bọ̀ nílé bàbá mi. Mo ní, “Ẹ ti ń ríran?” Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, mò ń ríran, ilẹ̀kùn ni n kò rí.” Mo jí, ojú mi tutù.

Ọkọ mi ní tòun, ìyá rẹ̀ ló rí. Ó ń lọ níwájú lójú ọ̀nà tí ìrì bò, agbọ̀n wà lórí rẹ̀. Ó pè é, kò wẹ̀yìn. Mo bi í bóyá ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá ni àbí ọ̀nà Ìlọrin. Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, ojú mi ti ń ṣú kódà lójú àlá.” Ọmọ náà ní òun sùn bí òkúta ni, òun kò rí nǹkan kan. Màmá Tíṣà ní òun lálàá pé òun ń jẹ wàrà ní Ìlọrin, èyí tí wọ́n fi wàrà màlúù ṣe, tí wọ́n dín nínú epo.

“Tíṣà,” ni ọkọ mi wí, “ẹ ti ń ro wàrà yẹn kí ẹ tó sùn.”

Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń lọ sópin nìyẹn. Nígbà tó ku ọ̀la kí ọ̀sẹ̀ náà tán, èmi àti ọmọ náà jókòó sẹ́yìnkùlé, à ń bó ẹ̀gúsí. Ọyẹ́ ti bo gbogbo òrùlé Òwu, kò sí ìyàtọ̀ láàárín páànù àti ojú ọ̀run. Mo ní, “Ìyá ọkọ mi, kí ni inú yín ń sọ?”

“Ìyá Àgbà, ẹ fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀.”

“Mo ti fi í sílẹ̀.”

Ó bó ẹ̀gúsí bíi mélòó kan kó tó dáhùn. “Ìlọrin ni mo fẹ́. Látọjọ́ tí mo ti mọ̀ pé mo máa kọ́ okòwò ni mo ti fẹ́ Ìlọrin. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá ni màá tẹ̀.”

“Kí ló dé?”

“Ẹ rántí àfáà òdìkejì wa.”

Mo rántí. Àárọ̀ ni àfáà náà kú, ọ̀sán la sin ín síwájú ilé rẹ̀, bí ẹ̀sìn wa ti wí.

“Kàdúná ni ọmọ rẹ̀ ti ń bọ̀,” ni ọmọ náà wí. “Mo wà lójú fèrèsé nígbà tó dé. Yẹ̀pẹ̀ ti bo bàbá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ yẹn, gbá, gbá, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ní ilé Màmá Tíṣà, nígbà tí ọkọ wọn kú, wọ́n gbé wọn sí mọ́ṣúárì títí gbogbo ọmọ fi ti ìlú òyìnbó dé. Tiwa kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bàbá ò ríran mọ́. Bàbá ń wúkọ́. Bí mo bá wà ní Ìlọrin, Ìyá Àgbà, ta ló máa dúró dè mí?”

Ẹ̀gúsí ọwọ́ mi bọ́ sílẹ̀, n kò rí i ṣà.

Ohùn ọkọ mi ló dún láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ojú rẹ̀ ṣe ń ṣú ni etí rẹ̀ ń là sí i. “Ìyá mi,” ló wí, “ẹ wá.”

Ọmọ náà dìde, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà.

“Láti ọjọ́ tí ẹ ti dé, kí ni mò ń pè yín?”

“Ìyá yín, Bàbá.”

“Ṣé ẹ gbà pé ìyá mi ni yín?”

“Mo gbà.”

“Ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá yìí, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí pé ìyá tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀ dé ibojì?”

Ọmọ náà gbé ojú sókè wò ó.

“Wọn kì í jẹ́ kó dé ibẹ̀. Bó bá wà nílé, wọ́n á mú un kúrò. Wọn kì í fi ojú ibojì hàn án. Èèwọ̀ ni, kí ẹ̀sìn tó dé ló ti wà, ẹ̀sìn dé, a ò fi í sílẹ̀. Ìyá kì í sin ọmọ. Èwo wá ni ti ìyá tó fẹ́ jókòó ti ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá, tó ń ṣọ́ ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e sílẹ̀?” Ó wúkọ́ díẹ̀. “Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ẹ bá ń lọ sọ́jà láàárọ̀, mo máa ń di ìró yín mú, mo máa ń ké. Ẹ máa ń tú ìka mi kúrò lára aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú máa ń bí mi sí yín. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá mú bọ̀ ni mo jẹ tí mo fi dàgbà. Bí ẹ bá jókòó tì mí, ebi ni ì bá pa wá méjèèjì.”

Ó na ọwọ́ síwájú nínú òkùnkùn rẹ̀, ó bá etí aṣọ ọmọ náà, ó dì í mú, ó sì tú ọwọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, ìka kan lẹ́yìn èkejì.

“Ẹ rí i? Èmi fúnra mi ni mo tú u lónìí. Ẹ máa lọ, kí n tó yí ọkàn padà kí n sì fi igbe ta.”

Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. “Bàbá, bí mi ò bá jẹ́ ìyá yín ńkọ́?”

“Ọmọ mi ni ọ́ nígbà náà,” ló wí, “mo sì ti rán ọ níṣẹ́.”

Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbọ́ tó pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ọmọ náà mú fóònù, ó tẹ Ìlọrin níwájú wa. Ìró kékeré kan dún nínú fóònù náà, ọkọ mi sì mi orí bí ẹni tó gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sí i.

Ó lọ. Mo rọ́pò rẹ̀ nínú ìsọ̀, mò ń sọ ohun tí mò ń rí, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n sọ tó o. Mo lè ní, “Obìnrin kan ń bọ̀,” ọkọ mi á ní, “Àbẹ̀kẹ́, obìnrin pọ̀ láyé.” Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun alásàárì, fóònù á dún. “Ìyá mi, ọjà ńkọ́?” “Ọjà ń tà, Bàbá.” Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Á sọ ohun tí wọ́n kọ́ wọn, ọkọ mi á la ẹnu sílẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ń pa àlọ́ fún. Nígbà kan tí wọ́n fún wọn ní ìsinmi, ó mú wàrà dé fún Màmá Tíṣà. Màmá Tíṣà gbé e sókè fún gbogbo àdúgbò wò. “Àlá ta ló ṣẹ? Ẹ dá mi lóhùn, àlá ta ló ṣẹ?”

Òjò ti ń rọ̀ gan-an nígbà tí ọmọ náà pè lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan. “Bàbá, ọ̀la ni ìdánwò mi àkọ́kọ́. Aago méjì ọ̀sán.”

“Ìyá mi, ọjà á tà.”

Ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó kí ìrun. Nígbà tó ṣe sàláàmù tán, ó fẹ̀yìn ti ògiri ìyá rẹ̀, ó ní kí n ṣí fèrèsé kí òun gbọ́ òjò dáadáa. Mo ṣí i. Mo dúró díẹ̀, torí pé òjò náà dára, omi ń ṣàn lórí páànù bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já. Nígbà tí mo yíjú padà, ó ti lọ. Mo kì í títí, “Àkànní, ọmọ Òwu,” bí mo ṣe ń kì í láràárọ̀, kò jí.

Ọmọ wa ọkùnrin ti Èkó dé kí oòrùn tó gòkè. Àwọn àfáà ti dé, aṣọ funfun ti dé. Ọmọ wa mú fóònù jáde.

“Ta lo fẹ́ pè?”

“Màmi, ọmọ yẹn ńkọ́? Bó bá wọ ọkọ̀ báyìí—”

“Kò ní bá a. O mọ̀ pé kò ní bá a. Ìdánwò yẹn náà á sì ti lọ.”

“Ó máa bínú sí wa.”

“Èmi ni kó bínú sí. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Bó bá jáde nínú ìdánwò, èmi fúnra mi ni màá pè é.”

Ó wo ojú mi, ó gbé e sílẹ̀. Màmá Tíṣà jókòó tì mí lórí ẹní, ó di ọwọ́ mi mú.

Ọjọ́ Jímọ̀ la sin ọkọ mi, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, síwájú ilé tí ìyá rẹ̀ kọ́ ní Òwu. Aago méjì ti lù, ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìlọrin. Ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀.